ÌTÀN ẸYIN INÚ FÁÀNÌ, ÀTI BÍ ÈNÌYÀN TI ṢE DÉ ÌDÍ RẸ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá yín sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn ẹyin kan ni, ẹyin tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, tí ó sì gba àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ní ohun tí ó ju 200 ọdún lọ kí wọ́n tó lè sọ bí ó ti ń dàgbà.

Kò sí ẹni tí ó ti Ìlaròó lọ sí Ayétòrò rí, tàbí tí ó ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò Yewa, tí kò tíì rí ewéko tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ara ọ̀pẹ tí ó ti dàgbà. Láàrin ìdí àwọn imọ̀ tí a ti gé kúrò, níbi tí omi òjò ti ń dúró tí ìdọ̀tí sì ti ń jókòó, ewéko kan a máa hù jáde tí ewé rẹ̀ gùn, tí ó sì là wẹ́wẹ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ewé rẹ̀ titun a ká jọ bí ìkarahun ìgbín kí ó tó nà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ewéko bẹ́ẹ̀ ní fáànì. Ẹni tí ó fẹ́ gun ọ̀pẹ a fi àdá gé e dànù, kì í sì í wo ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun kan. Fáànì kì í tanná. Kì í so èso. Kò ní kóró tí a lè kó sínú igbá kí a sì lọ gbìn ín. Síbẹ̀, bí a ti ń gé e ni ó ń pọ̀ sí i, a sì ń rí i lára ọ̀pẹ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí. Ọ̀nà wo ni ó gbà ń bímọ? Ìbéèrè yìí ni àwọn ènìyàn bi ara wọn láti ìran dé ìran. Nínú ìdáhùn tí wọ́n fún un, ẹ ó rí bí àṣìṣe kan náà ti ń padà wá lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, lójú àwọn tí kò kàwé àti lójú àwọn ọ̀mọ̀wé bákan náà. Àṣìṣe náà ni pé ènìyàn a máa sọ àìrí di àìsí.

1. Àféèrí inú igbó Yúróòpù

Ní ayé àtijọ́, àwọn ará Yúróòpù gbà pé gbogbo ewéko ni ó ní kóró. Nígbà tí wọ́n wá kóró fáànì títí tí wọn kò rí i, wọn kò sọ pé bóyá ọ̀nà mìíràn ni ewéko yìí gbà ń bímọ. Wọ́n ní kóró náà wà, ṣùgbọ́n ojú kò lè rí i, àti pé ẹni tí ó bá ní in lọ́wọ́, ojú kò ní lè rí òun náà. Ohun tí àwọn ọdẹ wa ń pè ní àféèrí gan-an ni wọ́n sọ ọ́ dà. Ní alẹ́ àìsùn ọjọ́ Jòhánù Mímọ́, ní oṣù kẹfà ọdún, àwọn mìíràn a máa lọ ṣọ́ fáànì nínú igbó kí wọ́n lè gba kóró rẹ̀ bí ó bá ti ń bọ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1735, Carl Linnaeus, ará Sweden, pín gbogbo ewéko ayé sí ẹgbẹ́ 24 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà akọ àti ẹ̀yà abo inú òdòdó wọn ti rí. Nígbà tí ó dé orí fáànì, kò rí òdòdó, kò sì rí akọ tàbí abo. Ó kó o pọ̀ mọ́ àwọn tí ó kẹ́yìn, ó sì fún ẹgbẹ́ náà ní orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìgbéyàwó ìkọ̀kọ̀. Orúkọ rere ni, nítorí kò sọ pé ìgbéyàwó kò sí. Ó sọ pé ó fara sin.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ jẹ́ oníṣègùn kan tí ń jẹ́ John Lindsay, tí ó ń gbé ní erékùṣù Jàmáíkà, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Áfíríkà wà ní oko ẹrú nígbà náà. Bí ẹ bá yí ewé fáànì tí ó gbó padà, ẹ ó rí àmì róbótó-róbótó tàbí ilà tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí ti ilẹ̀ pupa. Inú rẹ̀ ni eruku kan wà. Lindsay gbọn eruku yìí sórí ilẹ̀ tútù, ó ń fi awò wò ó lójoojúmọ́, ó sì rí i pé ó hù. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1794. Báyìí ni àféèrí parí. Ohun tí àwọn ènìyàn ti ń wá nínú òkùnkùn alẹ́ wà lábẹ́ ewé ní ọ̀sán gangan.

Ṣùgbọ́n wàhálà titun dé. Bí eruku náà bá jẹ́ kóró, níbo ni baba àti ìyá rẹ̀ ti pàdé? Àwọn kan wá akọ àti abo lára ewé ńlá, wọn kò sì rí nǹkankan. Wọ́n ń wá a sí ibi tí kò sí.

2. Ọdún mẹ́wàá tí ó yí ọ̀rọ̀ padà

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn tiwa wọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, kí ẹ lè mọ ìgbà tí à ń sọ. Ní ọdún 1841, àwọn ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán gòkè Odò Ọya. Samuel Crowther wà nínú ìrìn àjò náà pẹ̀lú J. F. Schön. Ẹnìkan tí àwa kì í sábà dárúkọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: Theodor Vogel, ará Jámánì, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó ewéko jọ. Ibà pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Vogel náà kú ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn ní erékùṣù Fernando Po, tí a ń pè ní Bioko nísinsin yìí. Àwọn ewéko tí ó gbẹ sínú ìwé kò ṣègbé; a tẹ ìròyìn wọn jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1849.

Láàrin ọdún wọ̀nyẹn kan náà, tí Crowther àti Townsend dé Àgbádárìgì, tí wọ́n sì wọ Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, àwọn ènìyàn mẹ́ta tẹjú mọ́ awò ní Yúróòpù. Èkíní ni Carl Nägeli, ará Switzerland. Ní ọdún 1844, ó wo ewé kékeré tí eruku fáànì kọ́kọ́ máa ń hù dà. Ewé yìí kò tó èékánná ọmọdé, ó rí bí ọkàn, ó sì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tútù. Gbogbo ènìyàn ti rò pé ewé àkọ́hù lásán ni. Nägeli rí i pé láti abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ohun tí ó lọ́ bí okùn ti ń jáde, tí wọ́n sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi. Akọ ni wọ́n.

Èkejì jẹ́ ọmọ ọlọ́lá ará Poland, Michał Leszczyc-Sumiński. Ní ọdún 1848, ó fi hàn pé abo náà wà lábẹ́ ewé kékeré kan náà, pé ẹyin kan wà nínú ibùgbé rẹ̀, àti pé láti ibẹ̀ ni fáànì ńlá ti ń hù. Ẹ̀kẹta ni Wilhelm Hofmeister, ará ìlú Leipzig. Ẹni yìí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ilé ìtẹ̀wé orin ti baba rẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ kò sì ríran jìnnà. A máa jí ní kùtùkùtù láti fi awò wo ewéko kí ó tó lọ sí ibi iṣẹ́. Ní ọdún 1851, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 27, ó tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ọ̀ràn náà sí ipò rẹ̀. Ní ọdún 1863, ọdún kan kí a tó fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi Hofmeister jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Heidelberg.

Ohun tí Hofmeister sọ ni èyí: ìgbé ayé fáànì pín sí méjì. Fáànì ńlá tí à ń rí lára ọ̀pẹ kì í ṣe akọ, kì í sì í ṣe abo. Eruku nìkan ni ó ń mú jáde. Eruku hù, ó di ewé kékeré. Ewé kékeré ni ó ń ní akọ àti abo. Ẹyin inú abo gba akọ, ó sì di fáànì ńlá. Báyìí ni ìran méjì ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn láìdáwọ́ dúró. Bí ó bá ṣe pé a ń wá ìgbéyàwó fáànì lára ọ̀pẹ, a kò ní rí i títí láé, nítorí kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní ilẹ̀ tútù, lábẹ́ ewé tí ẹsẹ̀ wa ń tẹ̀, ni.

3. Akèrègbè àti ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wọ inú ilé ẹyin náà. Ṣáájú bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ní ọdún 1665, Robert Hooke, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi awò wo èèpo igi, ó rí i pé ó kún fún àwọn yàrá kéékèèké bí afárá oyin. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní sẹ́ẹ̀lì. Gbogbo ohun alààyè ni a fi sẹ́ẹ̀lì kọ́, bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé. Ní ọdún 1831, Robert Brown, ará Scotland, ṣàkíyèsí pé kókó kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko. A mọ̀ nísinsin yìí pé inú kókó yìí ni a ti kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àṣẹ tí ohun alààyè fi ń rí bí àwọn òbí rẹ̀ ti rí.

Ilé ẹyin fáànì dàbí akèrègbè kékeré. Ikùn rẹ̀ rì sínú ara ewé, ọrùn rẹ̀ sì yọ síta lábẹ́ ewé, ó kọ ojú sí ilẹ̀. Ìlà sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ni a fi mọ ọrùn náà yíká. Nínú akèrègbè yìí, sẹ́ẹ̀lì kan wà ní àárín ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó pín sí méjì: ọ̀kan wọ inú ọrùn, èkejì dúró nínú ikùn. Èyí tí ó dúró nínú ikùn tún pín sí méjì: ọ̀kan kékeré ní òkè, ní ìdí ọrùn, àti ọ̀kan tí ó tóbi ní ìsàlẹ̀. Èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni ẹyin.

Àwọn ìyókù kò ní wà pẹ́. Sẹ́ẹ̀lì inú ọrùn àti sẹ́ẹ̀lì kékeré tí ó jẹ́ ọmọ ìyá ẹyin gan-an, àwọn méjèèjì yóò rà, wọn yóò sì di ohun tí ń yọ̀ bí omi ilá. Nígbà tí òjò bá rọ̀ tí omi bá kan ewé náà, ohun yíyọ̀ náà yóò wú, ẹnu akèrègbè yóò là, ọ̀nà yóò sì ṣí. Ikú àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ni ó ṣe ọ̀nà fún ẹyin.

Akọ náà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó fi ń wa ara rẹ̀ nínú omi. Ní ọdún 1884, Wilhelm Pfeffer, ará Jámánì, fi hàn pé ásíìdì kan tí a tún ń rí nínú èso ápù a máa fa akọ fáànì mọ́ra: bí a bá fi í sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn akọ a máa lúwẹ̀ẹ́ wọ inú ìgò náà bí ẹni pé ilé ẹyin ni. Ẹ rí ìdí tí fáànì fi fẹ́ràn etí odò, inú àbàtà àti ìdí imọ̀ ọ̀pẹ tí omi ń dúró sí. Bí kò bá sí omi, kódà bí kò ju ẹ̀kán ìrì kan lọ, akọ kò lè dé ọ̀dọ̀ abo, ìran náà yóò sì parí níbẹ̀.

Ẹyin fúnra rẹ̀ kò jókòó lásán ní gbogbo àkókò yìí. Ó fà sẹ́yìn kúrò lára ògiri ikùn akèrègbè, ó sì di róbótó. Ìwọ̀n yìí ni awò àtijọ́ lè fi hàn. Ohun tí ó ń lọ nínú ẹyin pàápàá, kò sí ẹni tí ó lè rí i, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran kò lè fi ohun tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ hàn, bí ó ti wù kí awò náà dára tó.

4. Ẹ̀rí ọkùnrin méjì

Ní ọdún 1931, Ernst Ruska àti Max Knoll, ní ilẹ̀ Jámánì, ṣe awò titun tí kì í lo ìmọ́lẹ̀ bí kò ṣe ẹlẹ́kítírónì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, awò yìí wọ ọwọ́ àwọn tí ń wo sẹ́ẹ̀lì, ó sì dàbí ẹni pé a gbé fìtílà wọ inú yàrá tí a ti ń fi ọwọ́ tá nínú rẹ̀.

Wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì ní àwọn ẹ̀yà kéékèèké nínú, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Nínú wọn ni àwọn tí ń jẹ́ mitokọ́ńdíríà, tí ń sọ oúnjẹ di agbára bí iná ìdáná. Àti àwọn ẹ̀yà aláwọ̀ ewé, tí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ. Ìbéèrè ńlá sì dìde: nígbà tí ọmọ bá ti inú ẹyin jáde, níbo ni àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ti wá? Ṣé ìyá ni ó fi wọ́n lé e lọ́wọ́, tàbí a dá wọn titun?

Peter Bell ti Yunifásítì Kọ́lẹ́jì ní Lọ́ńdọ̀nù, àti Kurt Mühlethaler ti ìlú Zürich, mú fáànì kan tí ó wọ́pọ̀ káàkiri ayé, tí a sì ń rí ní Áfíríkà pẹ̀lú. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Pteridium aquilinum. Wọ́n gé ẹyin rẹ̀ ní ìwẹ́ tí ó tín-ín-rín jọjọ, wọ́n sì fi awò titun wò ó. Ìròyìn wọn jáde ní ọdún 1962 àti 1964, ó sì ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n ní bí ẹyin ti ń dàgbà, mitokọ́ńdíríà àti ẹ̀yà aláwọ̀ ewé inú rẹ̀ a máa bàjẹ́ lọ. Wọ́n ní kókó ẹyin kì í ṣe róbótó mọ́ nígbà náà. Ó ń ká, ó ń ṣẹ́po, ó sì ń yọ ẹ̀ka bí ìka ọwọ́ sínú omi ara ẹyin. Wọ́n ní àwọn ìka wọ̀nyí a máa já kúrò, àti pé láti ara wọn ni mitokọ́ńdíríà titun àti ẹ̀yà aláwọ̀ ewé titun ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí a lóye bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé ìdílé àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí a máa já ní inú ẹyin kọ̀ọ̀kan. Iná ilé ìyá kú pátápátá, kókó sì dá iná titun fún ọmọ. Ohun gbogbo nínú sẹ́ẹ̀lì yóò jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ kókó, kò sì ní sí ogún kankan tí ń gba ọ̀nà mìíràn wá. Àwọn tí ó mú ọ̀rọ̀ náà wá kì í ṣe aláròsọ. Ọ̀jáfáfá ni wọ́n, àwòrán wọn sì wà níwájú gbogbo ènìyàn.

5. Bí a ti ṣe ìdájọ́ ọ̀rọ̀ náà

Àwọn àgbà ní, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Bí ẹlẹ́rìí olóòótọ́ bá dé iwájú ìgbìmọ̀, àgbà tí ó mọ ẹjọ́ dá a máa ya ohun tí ó fi ojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó rò nípa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni wọ́n rí ní tòótọ́? Àwòrán awò ẹlẹ́kítírónì kì í ṣe ti ohun alààyè tí ń rìn. A ní láti fi oògùn pa ẹyin náà, kí a fi í sínú ohun líle, kí a sì gé e. Ẹyin kan fi ìgbà kan hàn, ẹyin mìíràn fi ìgbà mìíràn hàn. Ẹni tí ń wò wọ́n ni yóò to wọ́n tẹ̀lé ara wọn nínú ọkàn rẹ̀, tí yóò sì sọ pé èyí ni ó ṣáájú, èyí ni ó tẹ̀lé e. Wọ́n rí kókó tí ó ká, tí ó sì yọ ìka. Wọ́n rí mitokọ́ńdíríà tí kò hàn kedere bí ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n pé àwọn ti ìṣáájú kú tán, àti pé ìka kókó ni ó bí àwọn titun, èyí ni wọ́n rò.

Ẹ̀rí mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní ọdún 1963, Margit Nass àti Sylvan Nass fi hàn nínú sẹ́ẹ̀lì ọmọ adìyẹ pé mitokọ́ńdíríà ní DNA tirẹ̀, èyí tí í ṣe ìwé àṣẹ ìdílé, yàtọ̀ sí ti inú kókó. A sì mọ̀ nísinsin yìí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ewéko pẹ̀lú. Ọ̀ràn náà wá le. Bí mitokọ́ńdíríà bá ní ìwé ogún tirẹ̀, tí kókó kò ní ẹ̀dà rẹ̀ pátá, báwo ni kókó yóò ti ṣe dá a? Ní àwọn ọdún 1970, Yvonne Tourte, ní ilẹ̀ Faransé, tún wo ẹyin fáànì kan náà yìí, ó sì jẹ́rìí pé àwọn ẹ̀yà náà kò kú. Wọ́n yí ìrísí padà, wọ́n rọ̀, àwọn aláwọ̀ ewé pàdánù àwọ̀ àti oúnjẹ tí wọ́n kó pamọ́, tí ó fi ṣòro láti dá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wà níbẹ̀.

Ẹ̀rí tí ó fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ awò wá rárá. Ní ọdún 1992, Gerald Gastony àti George Yatskievych, ní Amẹ́ríkà, gbé DNA fáànì tí òbí rẹ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé DNA mitokọ́ńdíríà àti ti ẹ̀yà aláwọ̀ ewé inú ọmọ jẹ́ ti ìyá. Bí ti ìyá bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ, a jẹ́ pé kò já nínú ẹyin. Iná ilé kò kú; eérú ni ó bò ó. Bákan náà ni ó rí lára ènìyàn: láti ọ̀dọ̀ ìyá wa ni a ti gba mitokọ́ńdíríà wa, láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni òun náà ti gbà á, láti ìran dé ìran.

Kí a má sì ṣe gàn Bell àti Mühlethaler. Ohun tí wọ́n fi ojú rí dúró. Kókó ẹyin a máa ṣẹ́po, a sì máa yọ ìka ní tòótọ́, àwọn ẹlòmíràn sì ti rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣubú ni afárá tí wọ́n ṣe láti ara ohun tí wọ́n rí dé ara ohun tí wọn kò rí. Láìsí ọ̀rọ̀ wọn, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má tún wo ẹyin náà fínnífínní bẹ́ẹ̀.

6. Ohun tí ń bẹ ní ilẹ̀ tiwa

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni èyí. Ní ọdún 1959, a tẹ ìwé kan tí A. H. G. Alston kọ jáde, èyí tí ó to fáànì Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lẹ́sẹẹsẹ. A lè sọ pé ìwé yẹn parí iṣẹ́ tí àwọn bí Vogel fi ẹ̀mí wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1841.

Jù bẹ́ẹ̀ lọ, fáànì kan wà tí ń gbé inú omi àti àbàtà ní ilẹ̀ olóoru, tí ìran rẹ̀ wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Ceratopteris. Nítorí pé láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni eruku rẹ̀ ń hù tí ó sì ń ní akọ àti ẹyin, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga kárí ayé ni ó ń lò ó. Ara irú rẹ̀ kan ni Cao Jianguo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní Shanghai ní ilẹ̀ Ṣáínà, ti tẹ̀lé ìdàgbàsókè ẹyin. Ìròyìn wọn sọ pé bí ẹyin ti ń gbó, awọ titun kan a máa bò ó yíká; ṣùgbọ́n ní ojú ibi tí ọmọ ìyá rẹ̀ kékeré ti so mọ́ ọn kí ó tó rà, awọ náà kò bo ibẹ̀. Ihò kékeré kan ṣẹ́kù. Ihò yìí ni ẹnu ọ̀nà tí akọ ń gbà wọlé, a sì ti rí akọ tí ń gba ibẹ̀ kọjá nínú ìran Ceratopteris mìíràn ní ọdún 2008. Ẹ rí i pé sẹ́ẹ̀lì tí a rò pé ó kàn kú lásán ni ó fi àmì ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹyin.

Nítorí náà, kí ni a rí kọ́? Ìgbà mẹ́ta ni ìtàn yìí fi ohun kan náà hàn wá. Àwọn ará àtijọ́ kò rí kóró, wọ́n sì pè é ní idán. Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn kò rí akọ àti abo lára ewé ńlá, wọ́n sì fẹ́ gbà pé kò sí. Àwọn ti ìgbà ẹlẹ́kítírónì kò rí mitokọ́ńdíríà kedere, wọ́n sì ní ó ti kú. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n ń wá wà ní ìtòsí, bóyá ní ibòmíràn tàbí ní ìrísí mìíràn. Ẹni tí ó sọ pé, èmi kò rí i, òtítọ́ ni ó sọ, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ẹni tí yóò tún wò ó. Ẹni tí ó sọ pé kò sí, ó ti ti ilẹ̀kùn náà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jọra ní ilé ẹjọ́, kò jọra nínú ọ̀ràn ìdílé, kò sì gbọdọ̀ jọra ní ẹnu àwa tí a mọ ìwé.

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà níhìn-ín: ẹ kó àwọn ọmọ yín jáde ní àkókò òjò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yí ewé fáànì padà, kí wọ́n gbọn eruku rẹ̀ sórí àwo amọ̀ tí a fi omi rin, kí wọ́n fi ìgò bò ó, kí wọ́n sì máa wò ó lójoojúmọ́ bí Lindsay ti ṣe. Kò ní ná yín ní owó púpọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọn yóò rí ewé kékeré tí ó rí bí ọkàn, tí ó lẹ̀ mọ́ amọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé lábẹ́ rẹ̀ ni akèrègbè wà, àti pé nínú akèrègbè náà ni ẹyin wà. Bí ẹ bá ní awò, ẹ fi hàn wọ́n. Bí ẹ kò bá ní, ẹ má ṣe sọ pé kò sí ohun kan níbẹ̀.